Wáyà Tí Mo Yọ Lára Ọkọ̀ Àwọn Ìyá Kpankou

Ẹ̀yin ará Kpankou, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́gàrí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé e kiri. Mo bá a sùn, mo bá a jí, mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bá a jẹun. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Olórí abúlé ní kí n jókòó kí n tó sọ ọ́, mo ní rárá, ìdúró ni n ó wà. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ ò rí omijé lójú mi, ẹ má rò pé mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Omijé náà ni kò wá. Mo ti dúró dè é títí, kò wá.

Orúkọ mi ni Cyriaque Ọládélé. Mẹkáníìkì ni mí, àtẹlíyè mi wà ní Kétu, lẹ́bàá ọ̀nà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín níbí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ mọ Honoré, olójú kan tó ti jẹ́ awakọ̀ rí, tó kú nígbà òjò tó kọjá. Honoré ló fẹ́ Florentine, àbúrò mi obìnrin. Ẹ sì mọ Ràhámọ̀tù tó jókòó sí ọ̀hún yẹn, ẹni tí ọmọ kú sí nínú lójú ọ̀nà. Ohun tí gbogbo yín mọ̀ ni pé Honoré ló fa ikú ọmọ náà. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe lọ. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ní abúlé yìí ní bàṣé kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ta tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó lágbára. Ìyá Ghislaine ni olórí ẹgbẹ́, Honoré sì ni awakọ̀ wọn. Bó bá di ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ náà á kó gàrí lọ sí Kétu. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, bí àìsàn bá gbé ẹnikẹ́ni dè ní Kpankou, inú ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n á gbé e sí. Kò sí ọkọ̀ mìíràn. Mo mọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn pé mo mọ̀ ọ́n, nítorí mi ò lè dúró níwájú Ọlọ́run kí n ní mi ò mọ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, Honoré wa ọkọ̀ wá sí àtẹlíyè mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ń gbóná jù. Bí mo bá ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, abẹ́rẹ́ ooru iwájú mi á lọ kan ibi pupa.” Mo bi í bóyá ó ń bomi sí i. Ó ní, “Àràárọ̀ ni. Kó tó di ọ̀sán, omi á ti dín.” Mo ní, “Ṣé ó ń jò ni?” Ó ní, “Mo ti wo abẹ́ rẹ̀ títí, mi ò rí ibi tó ń jò sí.” Ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti ronú. Lórí ilẹ̀ wa yìí, níbi tí kànga ti jìn débi pé apá á ti ro ènìyàn kí korobá tó yọjú, a mọ̀ pé omi kì í ṣàdédé sọnù. Omi tí kò jò sílẹ̀ tó sì ń tán, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ. Gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo ń sọ ìtàn fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì fẹ́ kí ìtàn mi já. Mo na ọwọ́ kan iwájú rádíétọ̀, mo ní, “Ìdọ̀tí ló dí i. Mo máa fọ̀ ọ́.” Mo fọ̀ ọ́, mo ní ó ti tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà kan, ó padà wá. Ọkọ̀ ṣì ń gbóná. Mo pààrọ̀ tẹ́mósítà, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mo ní ó ti tán. Ó tún padà wá. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí fáànù. Mo tún ní ó ti tán. Mo ń fọwọ́ kan ibi tó rọrùn láti fọwọ́ kàn, bí ẹni tí eyín ń dùn tó ń fi epo pa ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí yóò fi wá lẹ́ẹ̀kẹrin, Ìyá Ghislaine tẹ̀lé e. Honoré ti kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ Hervé láti fẹ́ táyà. Hervé yìí, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní oríta. Hervé rí èéfín funfun tó ń tẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, ó sì sọ fún Honoré pé, “Jọ́ọ̀ǹ ẹ́ńjìnnì yìí ti jó. Kí ọ̀gá ṣí orí ẹ́ńjìnnì o.” Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ jọ́ọ̀ǹ, ohun pẹlẹbẹ kan ni tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí omi, ọ́ìlì àti iná dàpọ̀. Bó bá jó, omi á máa wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa sè. Honoré kò mọ̀ pé kò yẹ kí òun sọ ọ́ níwájú èrò. Ó sọ ọ́ ní gbangba, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Hervé ní ó dà bí ẹni pé jọ́ọ̀ǹ ni.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Hervé? Hervé tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de bóòtù? Ó rí èéfín, ó ní ilé ń jó.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ghislaine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá Cyriaque, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ṣé ẹ lè fi ẹnu yín sọ fún mi pé yóò dára?” Mo ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la. Bó bá tún gbóná lẹ́yìn ọ̀la, ẹ bọ́ mi láṣọ lójú ọjà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ènìyàn tó dé, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣí kápò, ìdérí iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù. Mo ṣí ìdérí rádíétọ̀, mo bu omi kún un, mo sì tan ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófòó, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ife omi. Mo dé e. Mo di rọ́bà òkè tó ń gbé omi lọ sí rádíétọ̀ mú, ó ti le bí igi. Mo ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, mo wo inú ìdérí rẹ̀, ohun kan funfun bíi wàrà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí iyèméjì mọ́. Jọ́ọ̀ǹ ti jó. Òótọ́ ni Hervé sọ.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo jókòó sórí táyà kan. Inú mi ò bàjẹ́, ẹ̀rù ò bà mí. Ńṣe ni gbogbo nǹkan kàn dákẹ́. Mo rí i pé n ó ní láti ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kí n gbé e lọ sí Pobè kí wọ́n bá mi ha á kó tẹ́jú, kí n wá jọ́ọ̀ǹ tuntun. Yóò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì dúró ní ìṣí sílẹ̀ níwájú àtẹlíyè mi kí gbogbo ayé rí i. Hervé yóò gbọ́. Ẹ má rò pé torí owó ni. Àwọn ìyá náà ì bá san án. Ìtìjú ni. Ìtìjú kékeré báyìí, tí àwọn ènìyàn ì bá ti gbàgbé kí oṣù tó parí.

Wáyà kan wà tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá síwájú awakọ̀. Òun ló ń sọ fún abẹ́rẹ́ bí omi ṣe gbóná tó. Mo yọ wáyà yẹn kúrò níbi tó wà. Mo mú nǹkan kékeré kan tí mo yọ nínú rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi so wáyà náà mọ́ ara irin, mo sì fi rọ́bà dúdú wé e kí ẹnikẹ́ni má rí i. Mo tan ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí àárín, kò kúrò níbẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù, kó gbóná bí iná ààrò, àárín náà ló máa wà. Mo pa á, mo tún tàn án. Àárín. Mo fọ ọwọ́ mi.

Nígbà tí Honoré wá gbé e, ó wà á yí ìlú ká, ó padà wá, gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ yìí kò mira rárá! Ọwọ́ yín mà dára o.” Mo ní kó rántí máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó ní, “Ṣé ó ṣì ń mu omi ni?” Mo ní, “Ọkọ̀ tó gbó ni, òǹgbẹ máa ń gbẹ ẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, n ó pè é, n ó ní mo fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, n ó sì fi ìyẹn ṣí orí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo sọ èyí fún ara mi lójoojúmọ́. Ènìyàn lè fi ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la pa ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lónìí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fi wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ní ọ̀sán gangan, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Ràhámọ̀tù. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Mi ò sí níbẹ̀, bí Honoré àti Solange ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Solange ni àgbẹ̀bí tó wà ní ilé ìtọ́jú yín nígbà náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀rọ̀ yìí ju agbára òun lọ, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kétu kíákíá. Wọ́n sáré pe Honoré. Oúnjẹ ló ń jẹ, ó fi í sílẹ̀. Kò ráyè bu omi ọ̀sán sí ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn, wọ́n gbé Ràhámọ̀tù lé e, ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Falilatou, fi orí rẹ̀ sórí itan. Solange jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Honoré.

Solange ní Honoré ń sáré, ó sì ń wo abẹ́rẹ́ lóòrèkóòrè, nítorí ó rántí bí ọkọ̀ náà ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Òun náà ń wò ó. Àárín ló wà. Wọ́n dé ibi òkè tó wà láàárín ọ̀nà, òórùn nǹkan tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Honoré tún wo abẹ́rẹ́. Àárín. Ó ní bóyá oko ni wọ́n ń jó nítòsí. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi irin lu irin, ó sì kú. Èéfín bo iwájú. Honoré bọ́ sílẹ̀, ó ṣí kápò, ó fi àkísà di ìdérí rádíétọ̀ mú, ó yí i. Omi gbígbóná tú jáde lé e lójú àti lápá. Solange ní òun ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ọkùnrin. Síbẹ̀, pẹ̀lú ojú tó ti bó, ó ní, “Ẹ fún mi lómi. Ẹ fún mi lómi kí n fi tàn án.” Omi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni èyí tí Ìyá Falilatou gbé dání fún aláìsàn. Ìyá náà ní rárá. Honoré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dà á sínú ẹ́ńjìnnì. Irin tó ti gbóná tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba omi tútù. Ó dún gbàù. Kò tún dún mọ́ láéláé.

Kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Solange fi ẹsẹ̀ sáré títí ó fi pàdé ọlọ́kọ̀ zémì kan, alùpùpù akérò, ìyẹn ló gbé e wọ Kétu. Kí ó tó rí ọkọ̀ mú padà wá, oòrùn ti yẹ̀. Ràhámọ̀tù ti béèrè omi títí tí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ọmọ náà ti kú sí i nínú. Ọkùnrin ni. Wọ́n gba ẹ̀mí ìyá là, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dá. Ọmọ ogún ọdún ó lé méjì ni nígbà náà. Kò tíì bímọ kankan rí.

Ìròyìn bá mi nídìí oúnjẹ. Gàrí àti ẹ̀wà ni. Ẹni tó mú un wá sọ ọ́ tán, ó dúró, ó ń wò mí. Mo ní ó mà ṣe o. Nígbà tó lọ, mo jẹ oúnjẹ náà tán. Mi ò mọ ìdí tí mo fi rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí pé mo fi ìka pa inú abọ́ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun alùpùpù mi lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé mo fẹ́ lọ wo bí a ó ṣe wọ́ ọ wálé. Ẹní náà ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀, eṣinṣin ti bò ó. Mo rí i, mo wo ibòmíràn. Mo ṣí kápò, mo tú rọ́bà dúdú kúrò, mo sọ ohun tí mo yọ nínú rédíò sínú igbó, mo sì dá wáyà padà sí àyè rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ lè rò pé ìyẹn ló burú jù. Òun kọ́. Èyí tó burú jù, ibí yìí ni mo ti ṣe é, lójú púpọ̀ nínú yín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ pe ìpàdé. Honoré wá, wọ́n fi báńdéèjì wé ojú rẹ̀ kan tó ti fọ́ àti apá ọ̀tún. Ó ní, “Mo wo abẹ́rẹ́. Àárín ló wà títí ọkọ̀ fi kú. Ká ní mo rí i kó gòkè ni, n bá dúró, n bá jẹ́ kó tutù, n bá ti ní kí Solange yára wá zémì.” Solange dìde, ó ní, “Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí i láàárín.” Ẹ wá rán Hervé pé kó lọ yẹ ọkọ̀ wò níbi tí a wọ́ ọ sí. Hervé lọ, ó padà, ojú rẹ̀ ò dùn. Ó ní, “Jọ́ọ̀ǹ ti jó, bí mo ṣe sọ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fi wáyà rẹ̀ kan irin, ó fò sókè. Kò sí nǹkan tó ṣe é.” Ohun tó rí ló sọ. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Nígbà náà ni Ìyá Ghislaine kọjú sí mi. Ó ní, “Ọ̀gá Cyriaque, ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Ẹ là á yé wa.” Mo rí Honoré, ó fi ojú kan tó kù wò mí. Kò bẹ̀rù. Ó rò pé n ó gbà á sílẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mí, nítorí mo mọ ọkọ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, “Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó dára. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó fi wà á tí kò gbóná. Awakọ̀ tó bá rí abẹ́rẹ́ tó gòkè tí kò dúró, òun ló máa jó jọ́ọ̀ǹ. Ó ń sáré, kò wò ó.” Honoré ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo wò ó.” Mo ní, “Ìdààmú bá ọ, Honoré. Ojú máa ń tan ènìyàn jẹ.” Solange tún dìde, mo sì yí sí i. Mo rọra bá a sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Mo ní, “Arábìnrin, abẹ́rẹ́ méjì ló wà níwájú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti omi, ọ̀kan jẹ́ ti epo. Ṣé o lè búra pé ti omi lo wò?” Ó ní, “Mi ò mọ ọkọ̀.” Ó jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, Honoré bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ òun ni, kí ẹ dárí ji òun. Mo wò ó nílẹ̀. Mo dúró wò ó.

Ẹ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ìyá ta á fún àwọn tó ń ra irin. Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ fún un ní gbogbo Kétu. Ó padà sí oko. Fabiola, ọmọ rẹ̀, fi ilé ìwé abúlé yìí sílẹ̀ lọ sí Pobè nítorí orúkọ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kò pẹ́ tí Solange béèrè pé kí wọ́n gbé òun kúrò níhìn-ín. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Honoré á ru mẹ́wàá lọ sílé Ràhámọ̀tù. Ọdún méjì àkọ́kọ́, Ràhámọ̀tù kò gbà á. Honoré á kó o sí ẹnu ọ̀nà, á padà. Ní ọdún kẹta, Ràhámọ̀tù gbà á.

Honoré kò bínú sí mi. Ìyẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe lè gbé e. Ó máa ń wá jókòó lọ́dọ̀ mi ní àtẹlíyè. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rò ó títí. Bí mo bá dijú, àárín ni mo rí abẹ́rẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ọkọ̀ jù mí lọ. Bóyá ohun tí mo fẹ́ rí ni mo rí.” Mo ń tú bóòtù kan. Mo ní, “Ó ṣeé ṣe.” Ó mi orí, ó ní, “Èmi ni mo pa ọmọ yẹn nígbà náà.” Bóòtù náà tú.

Nígbà òjò tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tó máa kú, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí iṣu bá jáde, ẹ bá mi gbé e lọ fún Ràhámọ̀tù. Ẹ sọ fún un pé mi ò gbàgbé.” Mo ní n ó ṣe é. Ǹ bá ti sọ ọ́ nígbà náà. Èmi àti òun nìkan ló wà nínú yàrá. Etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Mo na ọwọ́, mo tún aṣọ tó fi bora ṣe, mo sì jáde.

Ní oṣù kan sẹ́yìn, mo ru iṣu náà lọ. Ràhámọ̀tù jáde sí mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó bu omi tútù fún mi mu. Ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣẹ̀ mí lẹ wá ń ru ẹrù ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ọlọ́run á san án fún yín.” Mo mu omi náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún bu sí i, mo sì jẹ́ kó bù ú. Nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sílé Florentine, àbúrò mi, láìjẹ́ pé mo pinnu rẹ̀.

Ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, látorí ìfófòó inú rádíétọ̀ dé orí wáyà, dé ìpàdé. Kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Lọ́pọ̀ ìgbà tí kò bá rí oorun sùn, á ní, ‘Florentine, ó dá mi lójú pé mo wò ó.’ Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń sọ fún un? Mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́.” Láti kékeré, “ẹ” ni àbúrò mi máa ń pè mí. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí ní “ìwọ”. Ó kó ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú abọ́, ó ní, “Má wọ ilé mi mọ́. Lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo Kpankou.”

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Solange kò sí níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, ẹ sọ fún un pé ohun tó rí ló rí. Ẹ sọ fún Fabiola pé bàbá rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún un sọ níwájú àwọn ọlọ́pàá, n ó tún un sọ, mo ti ṣetán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tún nǹkan ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń fún ènìyàn lóògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, gbogbo wa la ó ṣàṣìṣe. Àṣìṣe mi, ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá gbà láti tún un ṣe. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ ti ṣìnà, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kí ẹni tó kàn tó kú. Mo ti bẹ Honoré létí sàréè rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, koríko ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ràhámọ̀tù, ọmọ mi, mi ò ní omi tí mo lè dá padà fún ọ, mi ò sì lè ní kí o dárí jì mí lónìí. Bó bá wù ọ́, lé mi. Bó bá wù ọ́, bú mi. Bó sì jẹ́ pé wàá kàn dákẹ́ ni, n ó dúró níhìn-ín títí ìwọ yóò fi dìde.